Ẹni Tó Gbàdúrà Gbẹ̀yìn

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá báǹkì, àwọn lọ́yà, àwọn tó ń pàṣẹ fún odidi ilé alájà gíga ní Marínà, ẹ gbé máìkì lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ wá wo bí òógùn ṣe máa bò wọ́n. Èmi ni wọ́n máa ń pè. Màá wọ yàrá ìpàdé wọn, màá ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n mí. Wọ́n á kọ́kọ́ máa wojú ara wọn. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan máa ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ń retí kí n ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ìta Fájì ni, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ. Ohun tí n kì í sọ ni pé obìnrin tó kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ yìí, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló fi dà mí. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i títí di òní. Ẹni tó bá ní ó yẹ kó ti rọ̀, kó fi ara rẹ̀ sípò mi ná.

Àlájà là ń pè é, bí ẹni pé kò sí Àlájà mìíràn ní gbogbo Èkó. Alága ìjókòó ni, ìyẹn obìnrin tó máa ń gbẹnu sọ fún ẹbí ìyàwó níbi ìdána. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá. Ó há, bí ohùn ẹni tí otútù mú. Àwọn alága mìíràn wà tí ohùn wọn dára jù ú lọ, tí wọ́n lè kọrin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń wá wá láti Òkè Pópó títí dé Ẹnu Ọ̀wá.

Bí mo ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ tí àwa ọmọ ilé kéú fi parí Kùránì. Ààfáà ní kí n dìde ka súrà kan níwájú àwọn òbí. Súrà náà ti mọ́ mi lórí dé ibi pé mo lè kà á lójú oorun. Mo dìde, mo rí gbogbo ojú yẹn, mo sì jókòó padà. Ààfáà ní kí n dìde. Mo dìde, mo tún jókòó. Ìgbà tó tún sọ ọ́, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi, tó rán aṣọ funfun tuntun sí mi lọ́rùn fún ọjọ́ yẹn, fi ìbòrí rẹ̀ bojú. Nígbà tí a délé, àwọn ọmọ ilé tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àlájà lé wọn dànù, ó sì pè mí wọ yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Kí lo rí nígbà tó o dìde?”

“Èrò ni, mà.”

“Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ èrò. Ta lo rí?”

N kò rí ẹnikẹ́ni, lóòótọ́. Ó ní ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ó ní tí n bá tún dìde, kí n wá ojú ẹnìkan ṣoṣo, kí n bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mo fẹ́ rán níṣẹ́, tó bá sì ti gbọ́, kí n wá ojú ẹlòmíràn. Ó gbé mi dúró níwájú dígí rẹ̀, ó ní kí n ka súrà náà fún ọmọ tó wà nínú dígí. Mo kà á já. Ó fún mi ní bisikíìtì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a gbé báàgì lọ síbi iṣẹ́. Kò fìgbà kan pè é ní ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kàn máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ ni. Má jẹun yó kó o tó lọ sọ̀rọ̀. Tí ikùn bá sùn, ẹnu náà á sùn. Tí wọ́n bá ń pariwo, má gbóhùn sókè. Rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn á máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́. Ẹni tó bá tètè ń mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ, kò tíì gbọ́ ọ. Tó o bá sọ ohun tó wúwo, dákẹ́, jẹ́ kó balẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ kò lè mọ ọ̀rọ̀ sọ láyé.

Ọjọ́ kan wà ní Ẹnu Ọ̀wá tí mi ò lè gbàgbé. Àwọn ẹbí ọkọ pẹ́ dé ibi ìdána. Inú bí àbúrò bàbá ìyàwó, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n máa padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin ti ń di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú lóde. Àlájà ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn la ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há yẹn. Kó tó délẹ̀, ọwọ́ ti ń kúrò lọ́rùn aṣọ, wọ́n ti ń la àtẹ́lẹwọ́, àmín ti ń dún nínú ilé àti lóde. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àmín ni Àlájà ti fi àdúrà mú àwọn àlejò wọlé: “Àwọn àlejò wa tó ń wọlé yìí, ẹsẹ̀ ire ni wọ́n fi wọlé.” “Àmín!” Bàbá tó tilẹ̀kùn náà ló pariwo àmín jù. Nígbà tó lajú, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, àwọn àlejò ti jókòó.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Àlájà ń jẹ ẹ̀pà lọ lójú ọ̀nà. Ó ní, “Àwa èèyàn yìí, a kì í gbọ́ àdúrà. Ibi tí a ó ti ṣe àmín là ń wò. Ohunkóhun tó o bá fi sínú ẹ̀, wọ́n á ti gbé e mì kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n jẹ nǹkan. Ẹni tó bá gbàdúrà gbẹ̀yìn, òun ló ni ìpàdé.” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sójú pèpéle onílé. Mo rò pé kò sí ọlọ́gbọ́n bíi tirẹ̀ láyé.

Mo wá dàgbà, mo kúrò ní Èkó lọ sí òdìkejì afárá, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ sì di iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ìyá mi ló ṣẹ́ kù sí ilé ẹbí wa ní Ìta Fájì. Yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ibẹ̀ ló ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ àdúgbò. Ẹnikẹ́ni tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, fèrèsé ìyá mi ló ń yà sí. Ó máa ń rán an mọ́ ọn lára lórí ìdúró, á sì bá a wí pé kò mú aṣọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ni, láti Ìjẹ̀bú, bàbá mi sì ti kú. Nínú ìpàdé ẹbí, ìyàwó ò ní ẹnu. Ọmọ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Èmi nìkan ló bí.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn kan fẹ́ ra ilé náà kí wọ́n fi kọ́ plásà ìtajà, tí olórí ẹbí sì pe ìpàdé, mo mọ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yàrá ìyá mi wà. Mo tún di ọmọ ilé kéú yẹn. Mo pe Àlájà lórí fóònù. Ó ní, “Wá, ká jọ tò ó. Ìwọ lo máa sọ ọ́ o. Èmi ti darúgbó, ohùn tèmi ti sú wọn.”

Ọjọ́ tí mo lọ, mo kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo.

“Ṣé Àlájà ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tà á?”

“Màmá, ta ló tún fẹ́ràn ilé yìí bíi tiwọn?”

“Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn. Ṣé wọ́n ní bẹ́ẹ̀?”

Mo ronú sí i, mo sì rí i pé n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú bí mi sí ìyá mi. Mo ní ìyàwó ilé ò ní yé fura sí ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn burú, mo mọ̀. Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Lókè, Àlájà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi dúró níwájú dígí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi sàréè, ó gbọ́wọ́ sókè. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ló wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà, a ti fi táìsì bo ojú ibẹ̀, orí ibẹ̀ la ti ń jẹ ẹran Iléyá. Mo fẹ́ bi ẹbí léèrè pé ta ni a máa ta àwọn yẹn fún.

“Yọ ìyẹn kúrò,” ni Àlájà wí. “Á pa wọ́n lẹ́kún. Ẹni tó bá ń sunkún kì í ronú.”

Mo yọ ọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Èmi náà máa ń fún àwọn èèyàn mi ní irú rẹ̀.

“Má sì fi ìbéèrè parí. Má ní kí wọ́n nawọ́, má ní kí wọ́n dìbò, wọ́n á ní o fẹ́ bá àgbà du ipò. Dúpẹ́, kó o jókòó. Èmi á gbà á lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀.”

Ẹ wo bó ṣe dùn létí. Mo dọ̀bálẹ̀ kọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Àlájà. Ó fọwọ́ pa mí lórí.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé náà, lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́sàn-án, nínú páálọ̀ ńlá tó wà lókè. Àwọn ọmọ ilé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gbé omi fún wa, ìyá mi sì wà láàárín wọn. Mo ti fi ebi dé. Mo bọ́ bàtà mi. Mo wá ojú ẹnìkan, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi tó tẹjú mọ́ fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un nípa kànga tí gbogbo àdúgbò ti ń fa omi nígbà tí ẹ̀rọ ò yọ. Mo sọ nípa pèpéle iwájú ilé tí àwọn bàbá wa máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè kọjá láìkí wọn. Ó ki fóònù bọ àpò. Mo wá lọ sójú ẹlòmíràn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, páálọ̀ náà sì dákẹ́ dé ibi pé a ń gbọ́ ẹni tó ń pọlówó bátìrì ní títì. Mo ní, “Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ ilé yìí tó ti rán bọ́tìnnì mọ́ gbogbo wa láyà. Tí a bá ta ilé, kí la fẹ́ sọ fún un?” Mo dákẹ́, mo jẹ́ kó balẹ̀. Ìyá àgbà kan ní igun fọwọ́ nu ojú. Ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn pé, “A ò tà á o!” Àwọn kan gbè é.

Ká ní mo béèrè nígbà náà pé kí wọ́n nawọ́ ni. Ohun tí mo ń rò lóru nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, mo jókòó, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Àlájà dìde. Ó la ọwọ́.

“Ọlọ́run, a dúpẹ́ fún ẹnu tí O fún ọmọ wa yìí.”

“Àmín!”

“Ìjà ò ní wọ agboolé wa.”

“Àmín!”

“Àwọn tó ti lọ, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí àlùjánnà.”

“Àmín!”

“Àwọn àgbà tí a fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣì í ṣe.”

“Àmín!”

“Ibi tí a ń fi sílẹ̀, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò fún wa, àti fún ìyàwó wa tó wà nísàlẹ̀.”

“Àmín, àmín!” Ohùn tèmi wà níbẹ̀. Ó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí inú mi dùn pé ó rántí ìyá mi.

A ka fátíà, a fọwọ́ pa ojú. Olórí ẹbí fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, “Àlùhámúdùlílà. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ ti fi lé àwa àgbà lọ́wọ́, gbogbo yín sì ti ṣe àmín sí i.” Ó jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń ní ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wọ́n lára. Orí mi ń wú. Láàárín gbogbo rẹ̀, mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tí kò gbàdúrà.

Mo sáré tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́ ẹ. O sọ̀rọ̀. Kí lo ṣe àmín sí?”

“Àdúrà Àlájà ni.”

“Kà á fún mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo dé “ibi tí a ń fi sílẹ̀,” ẹnu mi kú. Mo dúró níwájú ìyá mi bí mo ṣe dúró lọ́jọ́ wòlímọ̀ yẹn. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé agolo bọ́tìnnì kúrò kí n má baà jókòó lé e.

Nígbà tí mo padà sókè, Àlájà ti ń tú gèlè rẹ̀.

“Àlájà, ẹ tà wá.”

“Jókòó.”

“N ò jókòó.”

Ó ká gèlè náà pẹ̀lẹ́ kó tó dáhùn. “Àwọn àgbà ti gbà tipẹ́. Mo wà níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ ká máa fa ara wa lọ sí kóòtù ni? Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, wọ́n á ní a fipá tà á. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ síta, kó sọ ọ́ dáadáa, kí ara tu gbogbo wọn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n sọ tó ọ? Mo fi ẹ́ yangàn lónìí.”

“Ìyá mi ńkọ́?”

“Mo fi í sínú àdúrà.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Ó gbà pé oore ló ṣe mí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè rí ni gbé ṣe. Mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, n kò sì ṣí i mọ́.

Wọ́n wó ilé náà. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbi fèrèsé ìyá mi báyìí. N kò lọ wo ẹ̀yìnkùlé, n kò sì béèrè. Ìyá mi wà ní Ìkòròdú, nínú yàrá tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ibi tó dára jù ú lọ, ṣé ẹ rí i. Àdúrà náà gbà. Kò sí ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń já ní àdúgbò yẹn. Agolo náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń fà á jáde nígbà míràn, á tún un tò, á tì í padà.

Èmi sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú ohun tí Àlájà kọ́ mi. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti dà á nù. Mo ṣì ń sọ fún wọn ní Marínà pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ èrò. Mo ṣì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó balẹ̀. Àdúrà nìkan ni n kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlájà dé pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n mú un wọlé bí ẹyin. N kò kí i kọjá kíkúnlẹ̀ tí ọmọ ń kúnlẹ̀. Ìyá mi ló kí i dáadáa. “Ọkọ mi, ẹ kú ọ̀nà,” ló wí, bí ìyàwó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Nígbà tí Àlájà fẹ́ máa lọ, ó la ọwọ́.

Mo tẹ́tí sí i lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Ọlọ́run dá ẹnu ìyá mi padà, kó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, kó jẹ́ kó tún fọwọ́ ara rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí èmi fúnra mi ń bẹ Ọlọ́run fún ní gbogbo àsùbáà ni.

Ó dé ibi àmín, ó dákẹ́, ó jẹ́ kó balẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wá ojú ẹnìkan, ó sì rí tèmi. Mo fẹ́ ṣe é. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ ṣe é, ẹnu mi kọ̀.

Ìyá mi gbé ọwọ́ kan tó ṣì lágbára sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Àmín,” ló wí, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn. “Àmín, ọkọ mi.”

Ọwọ́ tèmi wà lórí itan mi.